Ọ̀rọ̀ Láàrin Ara Wa: Ìwé Iná Kì í Ṣe Ìwé Omi

  A kí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tó wà láàrin wa lóṣù yìí, a sì dúpẹ́ pé tìyá tọmọ ń bẹ ní àlàáfíà. A bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé láti ibi ìsìnkú òbí wọn kẹ́dùn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó máa jẹ́ ọmọ ni yóò máa sin òbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó ọmọ, ẹ tètè fi ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá. Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ wa ní Old Market ni. Láti ìgbà tí òkìkí ti kàn pé ìjọba ti ṣe òfin tuntun lórí ìnṣọ́ránsì, èyí tí àwọn oníròyìn wa ń pè ní adójútòfò, ni àwọn ènìyàn ti ń bi wá ní ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan ní ṣé owó orí tuntun ni. Àwọn mìíràn ní ṣé ìjọba Kogí ló ṣe é. Àwọn kan sì ń bi wá pé, bí ọjà bá jó tàbí tí omi bá wọlé, ṣé ìjọba yóò wá san owó ẹrù wọn nítorí òfin náà. A ti wádìí ohun tí a lè wádìí, a ó sì sọ ọ́ kí tọmọdé tàgbà lè yé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìjọba Kogí ló ṣe é, nítorí pé kò sí agbára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kọ ìnṣọ́ránsì mọ́ àwọn ohun tí ó jẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní Abuja nìkan ló lè ṣe òfin lé lórí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ti wọn: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó jẹ́ dandan fún onílé ní ìpínlẹ̀ kan lè má jẹ́ dandan ní ìpínlẹ̀ kejì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà ló de ará Èkó, ará Kánò àti ará Lọ́kọ́jà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ìsọ̀ yín pẹ̀lú ríséètì pé òun ń gba owó ìnṣọ́ránsì ti ìpínlẹ̀ Kogí gẹ́gẹ́ bí òfin tuntun, ẹ ní kó jókòó, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ẹgbẹ́.

Orúkọ òfin náà ni Nigerian Insurance Industry Reform Act, ti ọdún 2025. Ìròyìn jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà pé Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti fọwọ́ sí i. Ó rọ́pò òfin ìnṣọ́ránsì ti ọdún 2003, ó sì kó àwọn òfin àtijọ́ mìíràn pọ̀ sójú kan, títí kan òfin ìnṣọ́ránsì mọ́tò tí àwọn òyìnbó ṣe ní ọdún 1945, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dé ayé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn oníìnṣọ́ránsì ni NAICOM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1997. Abuja ni olú iléeṣẹ́ wọn wà.

Kí ni òfin yìí yí padà? Èkíní ni owó tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ ní kó tó lè gba owó lọ́wọ́ wa. Láti ọdún 2005, bílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni wọ́n ní kí iléeṣẹ́ tó ń gba ìnṣọ́ránsì iná, olè àti mọ́tò ní, ó kéré tán. Òfin tuntun sọ ọ́ di bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti àwọn tó ń gba ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí di bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ti àwọn tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra wọn gbé ẹrù di bílíọ̀nù márùndínlógójì. Oṣù méjìlá ni wọ́n fún wọn láti wá owó náà. Ẹ lè ní kí ló kan àwa nínú bílíọ̀nù. Ó kàn wá o. Ẹni tí kò ní owó nílé kò lè san gbèsè ní ọjà. Iléeṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tó sì gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kí ni yóò fi san án bí ọjà méjì bá jó lọ́sẹ̀ kan náà?

Èkejì ni pé òfin náà dá àpò owó kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn tó ní ìwé ìnṣọ́ránsì, pàápàá bí iléeṣẹ́ tí wọ́n san owó fún bá wó lulẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kò fẹ́ kí iléeṣẹ́ kankan máa fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́ nígbà tó bá yẹ kó san owó òfò. Ẹ̀kẹrin ni pé àwọn ìnṣọ́ránsì tó ti jẹ́ dandan tẹ́lẹ̀ lórí ìwé, tí kò sí ẹni tó kà á sí, ìjọba ní òun yóò mú wọn ṣẹ wàyí.

Ẹ̀kẹrin yìí ni ó dé ẹnu ọ̀nà Old Market. Òfin ti ọdún 2003 ti sọ pé gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde, ni kí onílé ṣe ìnṣọ́ránsì fún: ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé tí a fi háyà fún ayálégbé, àti ilé tí ènìyàn ń wọ̀ láti rà àti láti tà. Ó ka ohun tí ìnṣọ́ránsì náà gbọ́dọ̀ bò: wíwó ilé, iná, ilẹ̀ mímì, ìjì àti àkúnya omi. Ó sì fi ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, ìyẹn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì, lé orí ẹni tó bá kọ̀. Ẹni tó bá sì ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ ṣe ìnṣọ́ránsì nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń kọjá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi òfin yìí gbọ́. Onílé ni òfin sọ̀rọ̀ bá. Ìnṣọ́ránsì tí onílé ṣe, ilé rẹ̀ ló wà fún, àti gbèsè tó bá jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ bí ohun kan bá ṣe ẹni tó wọ ilé náà. Kì í ṣe ẹrù yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ni ayálégbé, a kò ní ilé níbí. Òrùlé jẹ́ ti onísọ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ, bàtà, ìkòkò, rédíò, àpò ìrẹsì àti páálí ọṣẹ tó wà lábẹ́ òrùlé náà, tiwa ni. Bí ìsọ̀ bá jó, onílé lè gba owó kó fi tún òrùlé kàn, kí ẹni tó háyà ìsọ̀ sì máa wo eérú. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ; kò ra ìwé tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí a san owó ẹrù òun gbọ́dọ̀ ṣe ìnṣọ́ránsì ẹrù náà ní orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, nítorí gbogbo ìlú ló ń bá ọba tún tirẹ̀ kọ́. Ìsọ̀ àtìpó tó jó, ta ni yóò bá a tún un kọ́? Ẹ rántí ọjà Sábó ní Kánò ní oṣù Kẹta ọdún 2016, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ti jó. Ẹ rántí ọjà Akẹ́sán ní Ọ̀yọ́, iwájú ààfin Aláàfin gan-an, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2020. Ẹ rántí Monday Market ní Maiduguri, ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ọjà tó jó ní Kánò àti Maiduguri, àwọn ènìyàn bíi tiwa wà nínú wọn, tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ láti wá jẹun.

Ṣùgbọ́n ní Lọ́kọ́jà, iná nìkan kọ́ ni ọ̀tá wa. Ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ni a ń gbé. Ní ọdún 2012, omi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní ìlú yìí. Jákèjádò Nàìjíríà, iye àwọn tí omi ọdún náà lé kúrò nílé ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní ọdún 2022, ó tún dé. Òjò ń rọ̀, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù ń bọ̀ láti òkè, Adankolo, Gadumo àti Ganaja rì sínú omi, omi gé ọ̀nà Abuja, àwọn ọkọ̀ epo sì tò kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Iye ènìyàn tó kú ní gbogbo ilẹ̀ wa lọ́dún náà ju ẹgbẹ̀ta lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tajà ní Old Market ni ẹrù wọn kì í sùn sí ọjà. Ilé ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí, lẹ́bàá omi, nítorí owó ilé dínkù níbẹ̀.

Ìyá wa kan tó ń ta aṣọ wà láàrin àwọn tí omi ọdún 2022 ṣe lọ́ṣẹ́. Nígbà tí omi fà, ó mú ìwé kan jáde nínú ọ̀rá, ó ní kí a bá òun kà á, pé òun ti ń san ìnṣọ́ránsì láti ọdún méjì. A kà á. Ìwé iná àti olè ni. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí omi nínú rẹ̀. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ìyá wa kò bi í léèrè, òun náà kò sì sọ. Títí di òní ni ìyá wa fi ń san gbèsè aṣọ tí omi bà jẹ́ fún oníbàárà rẹ̀ ní Oṣogbo, ọmọ rẹ̀ kan sì fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti gbà kí a sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i.

Ẹ gbọ́ o: ìwé iná kì í ṣe ìwé omi. Ìwé ìnṣọ́ránsì iná tó wọ́pọ̀, iná àti àrá ló bò. Àkúnya omi, ìjì, àti ìjà ìgboro, ènìyàn ní láti ní kí wọ́n fi kún un, kí ó sì san owó lé e. Ìwé olè pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀: olè tó fọ́ ilẹ̀kùn tàbí tó já àgádágodo ló bò. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín bá ń yọ ọjà díẹ̀díẹ̀ tà lẹ́yìn yín, ìwé olè kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ na ọwọ́ sí ojú ìwé náà, kí ẹ bi ẹni tó mú un wá pé: níbo ni wọ́n kọ omi sí? Bí kò bá lè fi hàn yín, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ohun kejì tó ń pa wá lára ni pé a máa ń dín iye ọjà wa kù kí owó tí a ó san lè kéré. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bàbá kan ní ẹrù mílíọ̀nù mẹ́rin náírà nínú ìsọ̀. Ó kọ mílíọ̀nù kan sínú ìwé. Iná jó ìdajì ẹrù náà, ìyẹn mílíọ̀nù méjì. Bàbá wa rò pé òun yóò gba mílíọ̀nù kan. Rárá o. Iléeṣẹ́ yóò sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù rẹ̀ ló ṣe ìnṣọ́ránsì rẹ̀, ìdá mẹ́ta tó kù wà lọ́rùn ara rẹ̀. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́rin òfò náà ni wọn yóò san, ₦500,000. Ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìwé sì tún ń sọ pé iye kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òfò yóò jẹ́ ti olówó ẹrù fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè iye náà pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni fọ́ọ̀mù. Nígbà tí ẹjẹ́ntì bá dé, tó ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀, n ó bá yín kọ ọ́," inú wa a máa dùn. Òfin ọdún 2003 ti là á sílẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú fọ́ọ̀mù pé ẹjẹ́ntì tó bá bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù, aṣojú ẹni tí ó bá kọ ọ́ ni, kì í ṣe aṣojú iléeṣẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ó bá kọ irọ́, ẹ̀yin lẹ kọ irọ́. Bí ìsọ̀ yín bá jẹ́ pákó, tó sì kọ bíríkì, ọ̀rọ̀ yóò dé lọ́jọ́ iná. Bí ẹ bá ń dáná nínú ìsọ̀, tàbí tí ẹ ń gbé epo bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ pamọ́ síbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ pe ọmọ yín tó mọ̀wé kó ka gbogbo rẹ̀ sí yín létí ní Yorùbá kí ẹ tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹrin, òfin kò fi àyè àwìn sílẹ̀. Bí a kò bá tíì san owó, ìnṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. "Mo ti ṣèlérí fún un, n ó san án lọ́jọ́ ọjà" kò dúró níwájú adájọ́. Ẹ san án sí àpò iléeṣẹ́ ní báńkì, kì í ṣe sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì gba ríséètì àti ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ iléeṣẹ́ náà wà nínú àwọn tí NAICOM fún ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwé ẹrù. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè mọ èyí dáadáa. Ẹni tó bá fi àpò ogún ránṣẹ́, tí ìwé ẹrù rẹ̀ sì sọ ogún, bí mẹ́jìdínlógún bá dé, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tí kò ní ìwé, kí ó tilẹ̀ búra ní ọ̀nà méje, kò sí ohun tí akọ̀wé lè ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìnṣọ́ránsì. Wọn yóò béèrè pé kí ni ó wà nínú ìsọ̀ kó tó jó? Èló lẹ rà á? Lọ́wọ́ ta ni? Ọ̀pọ̀ nínú wa, orí ni a fi ń ṣe ìwé. Àwọn tó sì ń kọ ọ́, inú ìsọ̀ ni wọ́n ń fi ìwé náà sí, kí ó bá ẹrù jó pọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ẹrù tó wọlé àti iye rẹ̀. Ẹ pa ríséètì mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi fóònù ya àwòrán ìsọ̀ ní ìparí oṣù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹbí kan nílé. Lọ́jọ́ tí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ panápaná tàbí ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin onímọ́tò, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà wa, tiyín kò ní àríyànjiyàn rárá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì mọ́tò lójú pópó. Iye tí NAICOM fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2023 fún ìwé tó kéré jù ni ₦15,000 lọ́dún fún mọ́tò ara ẹni, ₦5,000 fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àti ₦3,000 fún ọ̀kadà. Ìwé yìí, ẹni tí ẹ bá kọlù ló wà fún, òun àti ohun ìní rẹ̀. Kò ní tún mọ́tò tiyín ṣe. Ẹni tó bá ta ìwé fún yín ní owó tó kéré sí èyí, tó ní òun mọ ọ̀nà, ìwé ayédèrú ló fẹ́ tà.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní Ọlọ́run ni adójútòfò àwọn. Àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàdúrà tún ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní alẹ́. Àwọn Mùsùlùmí wa tí èlé ń kọ lóminú, láti ọdún 2013 ni NAICOM ti fi ìlànà lélẹ̀ fún èyí tí a ń pè ní tàkáfúlù, níbi tí àwọn olùdáwó ti jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́ ní ìlànà Ìsìláàmù, àwọn iléeṣẹ́ kan sì ń ṣe é. Àwọn tó ní owó kò tó, ìnṣọ́ránsì kékeré wà fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, tí ènìyàn lè máa san díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó sọ pé àwọn iléeṣẹ́ kì í san owó, a kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí òfin tuntun náà ń gbìyànjú láti wò sàn nìyẹn. Bí iléeṣẹ́ kan bá kọ̀ láti san ohun tó jẹ yín, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí NAICOM. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò bá yín kọ ọ́, kò ní gba kọ́bọ̀.

Èyí tó le jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ni ti àwọn àgbà wa méjì tó ní a ní àjọ, a ní owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́, kí ni a tún ń wá lọ́dọ̀ àjèjì? A bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí àjọ náà ló sin òkú wa, òun ló gba àwọn ọmọ wa sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Bí ìsọ̀ kan bá jó, ogójì ènìyàn lè dáwó fún ẹnì kan. Bí ogójì ìsọ̀ bá jó lóru ọjọ́ kan, ta ni yóò dáwó fún ta ni? Bí omi bá wọ ilé gbogbo wa lọ́sẹ̀ kan náà, ẹni tó yẹ kó ranni lọ́wọ́ ń wá ẹni tí yóò ran òun náà lọ́wọ́. Ọjà kan náà, odò kan náà ni a jọ wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ àjọ ti kùnà nìyẹn. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń gba owó lọ́wọ́ ará Ṣókótó tí kò mọ Odò Ọya, àti lọ́wọ́ ará Abẹ́òkúta tó ń gbé lórí òkè. Òun fúnra rẹ̀ tún ń gbé apá kan ẹrù náà lé iléeṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ, bí Africa Re tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó. Àjọ ni òun náà, àjọ tó gbòòrò kọjá etí odò kan.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni a fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ fẹnu kò lé lórí. Èkíní, kí a rán àwọn àgbà lọ bá àwọn tó ni ìsọ̀ ní Old Market, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n fi ìwé ìnṣọ́ránsì ilé hàn wá, kí a mọ ibi tí tiwọn parí sí. Èkejì, kí ẹgbẹ́ béèrè iye owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ní ìwé àṣẹ, fún gbogbo wa lápapọ̀, lórí ẹrù wa, kí a sì kọ iná, olè àti omi sínú rẹ̀ ní kedere. Ẹni púpọ̀ tó bá jọ ra ọjà ló ń rí ẹ̀dínwó. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù mú ìwé ẹrù rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpótí ẹgbẹ́, tí kò sí ní ọjà, tí kò sì sí lẹ́bàá omi. A kò sọ pé kí a fọwọ́ kan owó ìsìnkú o. Owó ìsìnkú wà fún ìsìnkú. Kí ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ètò yìí dá owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kò sí ẹni tí a ó fi ipá mú. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wa rántí ìdí tí a fi wá sí ìlú yìí. A kò wá kí á pẹ̀yìndà sí ilé lọ́wọ́ òfo. Ẹrù tó wà nínú ìsọ̀ yìí ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ, òun ni ilé tí a ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ sí abúlé, òun ni oògùn ìyá tó ń retí wa nílé. Ó yẹ kí á mọ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí a kọ sínú ìwé rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ní ìwé ìnṣọ́ránsì kan nílé, kí ó mú un wá sí ìpàdé. A ó jókòó tì í, a ó kà á fún un ní ohùn rara, títí tí yóò fi yé e. Ẹ bá wa kí ará ilé, ẹ kí àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ìjà iná, kí ó má jẹ́ kí a rí ìjà omi. Ó dìgbà kan ná o.